Orúkọ Tí Ìyàwó Kì Í Pè

"Ẹ dúró sórí pátákó yín, Màmá," ni ẹ̀ṣọ́ wí, ó sì fi ìdí ọ̀pá ti ẹsẹ̀ arúgbó náà padà.

Dúródọlá fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ìka kan ṣoṣo ló yọ kọjá etí pátákó, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ ti rí i. Ẹni omi kì í fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ìdákọ̀ró. Ní èbúté ni wọ́n ti gbé pátákó méjì lé e lọ́wọ́: bó bá dúró lórí ọ̀kan, á gbé èkejì síwájú, á bọ́ sórí rẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ gbé tẹ̀yìn. Báyìí ló ṣe rìn dé Ilé Àkójọ Ogun, òun tí orúnkún méjèèjì ń dùn, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Pátákó náà fúyẹ́, torí pé ìwé ni wọ́n fi ṣe é. Ìwé atukọ̀ yòówù tí Asẹ́, ẹ̀rọ tó ń yẹ ìwé ogun wò, bá kọ̀, inú ọlọ ló ń lọ. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á gé e fún àwọn ará omi. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀ rẹ̀, Dúródọlá rí ègé ọ̀rọ̀ kan tí ọlọ kò jẹ tán: "òjò kò tíì rọ̀, a sì ń wo". Ta ló kọ ọ́? Kí ni wọ́n ń wò? Ó sún ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ bí ẹni yẹra fún ojú òkú.

Asẹ́ fúnra rẹ̀ dúró ní àárín gbọ̀ngàn. Ó ga bí òpó ọkọ̀, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ ihò wẹ́wẹ́ bí asẹ́ ògì, ìmọ́lẹ̀ sì ń gba inú ihò náà jáde. Ọ̀gá Ṣíjúwadé tó ń tọ́jú ìwé ogun jókòó sídìí rẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ gbó ní ìgbọ̀nwọ́, ojú rẹ̀ kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ìwé Dúródọlá wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo bísíkíìtì tó dáàbò bo ìwé náà nínú òkun.

"Asẹ́ ti ka ìwé yín tán, Màmá," ni Ṣíjúwadé wí. "Ó gba ojú ọjọ́ tí ẹ kọ. Ó gba ìró ìbọn, ó gba bí ẹ́ńjìnnì ṣe kú. Ṣùgbọ́n kò rí ènìyàn nínú rẹ̀."

"Mẹ́rin ni wọ́n, yàtọ̀ sí èmi."

"Agùntáṣọọ́lò. Adúmáadán. Akọ̀wé. Eyínfúnjowó." Ó kà wọ́n bí ẹni ń ka ohun tí ajá fà wọlé. "Kò sí ẹni tó fi irú orúkọ báyìí wọ iṣẹ́ ogun."

"Orúkọ tí ìyàwó ń sọ ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ni. Ìyá tiyín náà ní tirẹ̀, bó bá jẹ́ pé ilé ọkọ ló wà."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lórí àga ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí ilé Mábinúorí jókòó sí. Ṣíjúwadé wo ibẹ̀, ẹ̀rín náà sì kú.

Nígbà Ogun Ẹnu-Omi, òfin ìjọba ni ilé kan, ọkọ̀ kan. Ilé tó bá ní ọkùnrin tó pọ̀ tó, ọkọ̀ ogun kan ni wọ́n á kó gbogbo wọn sí, torí àwọn ìjòyè gbà pé ẹni tí ọmọ ìyá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní sá. Dúródọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé Mábinúorí ni nígbà náà, lààlì kò tíì ṣá lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ló kọ́, wọ́n sì mú un bí wọ́n ṣe mú ọkọ rẹ̀. Ìbọn àkọ́kọ́ ló pa ọkọ rẹ̀. Ìròyìn ìyẹn dé etíkun, orúkọ rẹ̀ sì ti wà lára Ògiri, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó kú sógun sí. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tó ń ránṣẹ́ fọ́, tí ọkọ̀ Àbùùbùtán sì wà ní ẹnu ọ̀nà omi, òun nìkan, kò lè rìn, kò sì jẹ́ kí ọ̀tá kọjá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ láti ìgbà yẹn títí ó fi rì, inú agolo bísíkíìtì nìkan ló wà.

Kò sì sí bí ìyàwó ilé ṣe lè kọ orúkọ àwọn tí ó bá nílé. Ó ń pè wọ́n bó ṣe ń pè wọ́n ní àgbàlá, ó sì kọ wọ́n bó ṣe ń pè wọ́n. Ta ló mọ̀ nígbà náà pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ilẹ̀ á dín kù tó báyìí, tí ìjọba á máa wá ẹni tí wọn yóò tì sínú omi?

"Òfin tuntun kò ṣòro," ni Ṣíjúwadé ń wí fún àwọn tó jókòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. "Atukọ̀ tí ẹni tí wọ́n jọ sìn kò bá fi kálàmù tàbí ẹnu pe orúkọ rẹ̀ kí agogo ìkún-omi òní tó lù, asá ni, ẹni tó sá lójú ogun. Ọmọ asá kò ní ilẹ̀. Ìwé sì nìyí, odindi ni Asẹ́ ń gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́ ní odindi. Màmá, ẹ pe orúkọ àwọn mẹ́rin yìí, kí gbogbo wa lọ sílé."

"Mo ti sọ láti àárọ̀. Ẹnu mi kò ní pè wọ́n, àfi bí baálé ilé bá tú u."

Ìgbà yẹn ni Ìbídùn dìde. Àkọ́bí baálé ni, obìnrin gíga, ẹ̀gbà ilẹ̀, àmì onílẹ̀, tó wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń tàn bí ewé tútù. Ó ti bọ́ bàtà rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ ra ilẹ̀ gbọ̀ngàn kí arúgbó náà lè rí i. Lójú Dúródọlá ni wọ́n bí ọmọ yìí kí wọ́n tó wọ ọkọ̀, òun ló fi omi ìwẹ̀ àkọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n "ìwọ" ni Ìbídùn ń pè é.

"Ilé wo ni baálé fẹ́ tú ẹnu rẹ fún? Ṣé ilé tí wọ́n ti lé ọ? O jẹ ọkọ rẹ tán lójú omi, o fẹ́ fi àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe àjẹtì. Àwọn àgbà ní ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Wo ohun tí ìwọ ń tẹ̀."

Àwọn ẹbí rẹ́rìn-ín, wọn kò fi pamọ́ mọ́. Ọkùnrin tó jókòó níwájú Ìbídùn ni Dúródọlá ń wò, Abíọ́nà, baálé ilé Mábinúorí, tó fi ọ̀pá sáàárín ẹsẹ̀, tó di ojú méjèèjì bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ẹnu rẹ̀ ti wọlé. Eyín tí òun fi sọ ọ́ lórúkọ ti ká tán, kò ku ọ̀kan.

Nítorí òun ni Eyínfúnjowó. Òun ni àbígbẹ̀yìn nínú àwọn ọmọkùnrin yẹn, ọmọ tí eyín rẹ̀ funfun ju owó ẹyọ lọ. Nígbà tí omi mímu kù díẹ̀, ó gbé jẹ́ríkéènì tó kẹ́yìn, ó wọ ọkọ̀ kékeré, ó lọ. Àwọn mẹ́ta tó kù kò kúrò nídìí ìbọn wọn. Òùngbẹ pa ọ̀kan, ìbọn pa méjì. Nígbà tí àwọn apẹja fa Dúródọlá jáde nínú omi tó sì padà sílé, ó bá Eyínfúnjowó lórí àga baálé, ó ń sọ fún ayé pé àìsàn ló dá òun dúró ní èbúté tí òun kò fi bá wọn wọ ọkọ̀. Kí ìyàwó tó la ẹnu, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ síta. Ọ̀rọ̀ ìyàwó kò sì tó ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí ilé.

Ó lè pè é nísinsìnyí. Bó bá pe gbogbo wọn, àwọn mẹ́ta á gòkè sára Ògiri, ọmọ wọn á sì jókòó lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbídùn àti gbogbo ohun tó ti ara Abíọ́nà jáde á bọ́ sínú omi, títí kan ọmọ ọwọ́ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lórí àga ìkẹyìn. Bó bá dákẹ́, ọmọ àwọn mẹ́ta náà ló ń lọ, àwọn òkú á sì di asá. Wọ́n á sì lọ ìwé yìí di pátákó, arúgbó mìíràn á máa tẹ Agùntáṣọọ́lò mọ́lẹ̀ lọ sí ọjà.

Ohun mìíràn tún wà tí kò lè sọ fún Ṣíjúwadé. Ilé yẹn ti gba yàrá lọ́wọ́ rẹ̀, ó gba àpótí aṣọ rẹ̀, ó gba ibi tí wọn ì bá sin ín sí. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó fi jẹ́ ìyàwó wọn ni pé kò tíì pe orúkọ wọn rí.

Ọmọ Orímisàn tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n baálé, ọkùnrin olóhùn ńlá kan tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ baálé, ni sùúrù kọ́kọ́ tán fún. Ó tẹ̀ síwájú, ó rọ baálé pé kó tú ẹnu ìyàwó ilé, kí nǹkan yìí lè parí. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ Ẹkúndayọ̀, ẹ̀gbọ́n baálé mìíràn, dá sí i. Ohùn ń pọ̀, ó ń le. Ìbídùn pàápàá bẹ̀rẹ̀ sórí bàbá rẹ̀, ó ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó tú u, kí obìnrin yìí má rí àwáwí mọ́.

Abíọ́nà la ojú. Dúródọlá ni ojú náà bọ́ sí lára, ó sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ kí ó tó padà.

"Mi ò tú u," ni ó wí. "Yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi tó wọ ọkọ̀ yẹn. Èmi wà lórí ibùsùn ní èbúté, gbogbo ayé ló mọ̀. Ẹni kẹrin tó kọ síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bí i, kó lè fi àbùkù kan ilé wa. Òpùrọ́ ni."

Ṣíjúwadé fi ìka ti ìwé náà síwájú díẹ̀, bí ẹni ń ti àwo oúnjẹ tó ti bàjẹ́.

"Baálé, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ sọ? Bí ẹnì kan bá jẹ́ àròsọ nínú ìwé, àròsọ ni gbogbo rẹ̀. Kò sí ẹ̀rí mìíràn fún àwọn ẹ̀gbọ́n yín."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Bàbá!" ni ọmọ Orímisàn kígbe.

"Mo ní mo mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀ṣọ́ ti ń bọ̀ wá gbé ìwé lọ sí ọlọ. Ohùn Asẹ́ jáde, ohùn tí wọ́n fi ohùn ọ̀pọ̀ atukọ̀ tó ti kú hun pọ̀, tí kò fi jọ ti ẹnikẹ́ni. Ó ń ka ojú ìwé tó kẹ́yìn fún ìdágbére gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. "Eyínfúnjowó ti gbé ọkọ̀ kékeré lọ, òun àti omi tó kẹ́yìn. Kò sí ẹni tó bú u. Ètè wa ti gbẹ jù."

Dúródọlá béèrè omi.

Ṣíjúwadé wò ó, ó wo agogo lára ògiri, ó sì mi orí sí ẹ̀ṣọ́. Wọ́n gbé ife irin kan fún un. Ó gbé e sí imú. Òórùn irin inú rẹ̀ ni òórùn tánńkì Àbùùbùtán gan-an, ó sì rí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ náà, bó ṣe máa ń ṣú, tí ẹnìkan kì í rí ojú ẹnìkejì. Kò sí ẹni tó ń kúrò nídìí ìbọn láti wá mu omi. Òun ló ń bá wọn lọ, ní gbogbo òwúrọ̀, ó ń fi ọwọ́ wá ọ̀nà, ó ń pè wọ́n lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pè á na ife rẹ̀ sínú òkùnkùn, á sì dáhùn, kí ó lè mọ ibi tí yóò da omi sí, kí ẹ̀kán kan má ṣòfò.

Ó pinnu. Kò ní pe orúkọ rẹ̀. Omi rẹ̀ ni yóò fún un. Bó bá dákẹ́, ó ti dákẹ́ nìyẹn, kí ọlọ máa lọ̀.

Ó na ife síwájú, ó sì di ojú.

"Agùntáṣọọ́lò, omi dé o."

Kò sí ìdáhùn. Ẹnì kan túnra ṣe lórí àga. Ìbídùn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí arúgbó yìí ti dàrú, wọ́n ní kí ó pa ẹnu mọ́.

"Adúmáadán, omi dé o."

Ó dúró díẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń dúró. Adúmáadán ló máa ń pẹ́ dáhùn. Ọmọ tó fẹ́ràn oorun ni.

"Akọ̀wé ọkọ mi. Omi dé o."

Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Kì í ṣe ohùn arúgbó mọ́, ó ti di ohùn ìyàwó kékeré tó ń rọra sọ̀rọ̀ kí ọ̀tá má bàa gbọ́.

"Eyínfúnjowó. Omi dé o."

"Ọwọ́ mi rèé, ìyàwó."

Ó yára jáde, ó mọ́ gaara, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin tí òùngbẹ ń gbẹ. Nígbà tí Dúródọlá la ojú, ọ̀pá baálé ti ṣubú sílẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún Abíọ́nà wà níwájú rẹ̀, ó nà gbọọrọ, ìka rẹ̀ sì ká bí ẹni di ife mú. Òun náà ń wo ọwọ́ ọ̀hún. Ó ń wò ó bí ẹni rí ejò lórí ẹní.

Ìmọ́lẹ̀ inú Asẹ́ yí díẹ̀díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Bàbá," ni Ìbídùn wí wẹ́rẹ́. "Kí lẹ ń dáhùn sí?"

Abíọ́nà sọ ọwọ́ kalẹ̀ sórí itan. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń sún kúrò ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àga sì ti ṣófo ní ọ̀tún àti ní òsì.

"Omi náà kò tó mi dé èbúté," ni ó wí níkẹyìn, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ara rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ìkórìíra inú rẹ̀ kò dín rárá. "Mo tú ẹnu rẹ. Pè wọ́n, kí o lọ."

Dúródọlá ti rò pé orúkọ náà á wúwo. Wọn kò wúwo. Àjèjì ni wọ́n, bí eyín tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. "Orímisàn," ni ó wí, Asẹ́ sì tún un wí lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹkúndayọ̀." Ó kọsẹ̀ lórí ẹ̀kẹta, ó ní láti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Fẹ̀yìntọlá." Bí ó ti ń pè wọ́n ni àwọn mẹ́ta ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n ń bọ́ kúrò ní àgbàlá, wọ́n ń di ọkùnrin lásán tí ó kà nípa wọn nínú ìwé.

"Ẹni kẹrin?" ni Ṣíjúwadé béèrè.

"Èyí wà láàyè. Kí ó pe orúkọ ara rẹ̀."

Abíọ́nà pe orúkọ náà. Ìlẹ̀kùn dígí kékeré ṣí lára Asẹ́, Ṣíjúwadé gbé ìwé náà síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì pa á dé. Agogo ìkún-omi bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Àwọn ọmọ Orímisàn àti ti àwọn yòókù ń wo ọrùn ọwọ́ wọn. Àwọ̀ ewé tútù ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kí arúgbó náà. Ọmọ Orímisàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó sì tutọ́ sí etí pátákó rẹ̀.

Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbídùn ti di àwọ̀ eérú.

Ẹ̀ṣọ́ kò fi àkókò ṣòfò. Ó gbé pátákó méjì, ó ju ọ̀kan sílẹ̀ níwájú Ìbídùn, ó sì fi ìdí ọ̀pá ti gìgísẹ̀ rẹ̀ lásán. Ìbídùn gòkè. Pátákó náà yẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, kò sì sí ẹni tó na ọwọ́ sí i.

"Fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ àárín rẹ̀," ni Dúródọlá wí. "Má wo ilẹ̀."

"Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀." Ìbídùn na ọwọ́ méjèèjì kí ó má bàa ṣubú. "Ẹ gbọ́? Títí tí ẹ ó fi kú."

Dúródọlá yí padà sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí òórùn iyọ̀ ti ń wọlé.

"Ìyàwó," ni Abíọ́nà pè láti ẹ̀yìn.

Ó gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún, ó gbé pátákó tó wà lẹ́yìn, ó sì fi í síwájú.

"Ìyàwó, wọ́n ń gbé pátákó bọ̀ fún mi. Báwo ni wọ́n ṣe ń rìn ín?"

Ìyàwó tó ń pè kò sí ní gbọ̀ngàn mọ́. Dúródọlá bọ́ sórí pátákó iwájú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti gbé èyí tó kù.